Fi Àyè Ègbè Sílẹ̀

Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Àkànní ọmọ mi,

Ara mi ń le, orúnkún nìkan ni ò gbọ́ràn.

Àbúrò rẹ fi ìwàásù rẹ ti àná ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo gbé fóònù ti abọ́ ẹ̀fọ́ tí mo ń já, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Èmi ò sùn o. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹni tó sùn, ìtòsí ẹni tó ń gba ohùn rẹ sílẹ̀ ló ti ń hanrun. Mo já ẹ̀fọ́ tán, mo ṣa ẹ̀wà, o ò tíì kúrò lórí kókó kejì.

Ìtàn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwàásù yẹn. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, òjò dídì bo ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ kọṣẹ́, ajá rẹ̀ sáré lọ wá èèyàn wá. Mo mọ̀ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti rí i, kò sì burú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ oníṣu àti ìyá oníkaṣú ló jókòó níwájú rẹ. Bí ará Òkè-Ògùn bá tú ajá sílẹ̀, ẹran ìgbẹ́ ló ń retí. Nígbà tó o dé ibi tí ajá ti ń gbó nínú òjò dídì, ọmọ kan bi ìyá rẹ̀ pé báwo ni òjò ṣe ń dì. Mo gbọ́ ọ kedere. Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà lo pè mí, o ní àwọn díákónì ò gbọ́ tìrẹ. O ní o tẹ ètò ọdún márùn-ún jáde, o há a fún wọn, àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn àgbà sì ká a sínú Bíbélì bí ẹni ká káàdì ìgbéyàwó tí wọn ò ní lọ. O ní ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn àtijọ́ tí ẹ fẹ́ wó ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó o jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó.

Ohun tí mo ní í sọ ò pọ̀. Ò ń wá ìtàn tó o máa sọ fún ìjọ, o ò sì tíì gbọ́ èyí tí ìjọ ń sọ nípa ara wọn. Títí wàá fi gbọ́ ọ, àlejò ni ọ́ lórí pẹpẹ yẹn, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ pásítọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí kò sí.

Má bínú. O mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Láti 1898 ni wọ́n ti ń kọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run níbẹ̀, wọn ò sì lè ṣe é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n kọ́ ọ ní Gíríìkì, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń la ìwàásù sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ni èmi náà fi kọ́ ọmọ, abẹ́ pásítọ̀ méje ni mo sì ti jókòó. Ẹni tó ń jókòó náà ní ohun tó mọ̀.

Jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì, àlọ́ la máa ń fi pa wákàtí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo bá parí, màá béèrè pé, kí ni àlọ́ yìí kọ́ wa? Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ló ní ká máa béèrè bẹ́ẹ̀, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan mo pa àlọ́ Ìjàpá tó lọ sílé àna rẹ̀, tó jí àsáró gbígbóná bù sí fìlà, tó dé e mọ́rí, tó ní òun ń lọ. Àwọn àna ní àwọn á sìn ín sọ́nà. Wọ́n ń sìn ín, wọ́n ń bá a tàkúrọ̀sọ, orí ń jó o, kò lè ṣí fìlà, títí orí fi bó. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Mo béèrè ìbéèrè mi. Wọ́n ń nawọ́: olè jíjà ò dáa, ojúkòkòrò ò dáa. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tí kì í nawọ́. Mo pè é. Ó dìde, ó ní, "Ó kọ́ mi pé ebi ń pa Ìjàpá, ojú sì ń tì í láti sọ."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí n ní kò gbà á, àfi bí mo ṣe wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ká etí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń tú u, ó ń ká a. Nígbà tí agogo lù, mo dá a dúró, mo bi í ohun tó jẹ láàárọ̀. Kò dáhùn. Bó ṣe di ẹni tó ń jẹun nílé wa ní gbogbo táàmù yẹn nìyẹn. Ìwọ náà á rántí rẹ̀, torí ìwọ lò ń bá a jà nítorí ẹran. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti béèrè ohun tí àlọ́ kọ́ wa mọ́, àfi bí alábẹ̀wò bá dé.

Kí ló dé tí orin fi wà nínú àlọ́ àpagbè? Apàlọ́ ò lè dá a pa ni. Yóò dá orin, àwọn tó jókòó yóò gbè é. Bí wọn ò bá gbè é, ó di kó máa dá sọ̀rọ̀ létí ààrò. Inú ègbè yẹn ni olúkúlùkù ti ń gba ẹnu ara rẹ̀ wọ inú ìtàn. Ìwọ, o sọ ìtàn ajá rẹ tán, o ò mí, o ti ń túmọ̀ rẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́ ará, ajá yẹn dúró fún báyìí, lẹ́ẹ̀kejì, òjò dídì dúró fún báyìí. O dá a, o gbè é, o tún ṣàlàyé orin. Kí lo wá fi sílẹ̀ fún ìjọ? Ẹni tó hanrun yẹn ò jẹ̀bi púpọ̀ lójú mi.

Wo ìtàn ọmọ onínàákúnàá ní Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Àbúrò tó lọ jẹ ogún ni gbogbo èèyàn ń wàásù lé lórí, bẹ́ẹ̀ orí kan náà ló sọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pa ìtàn náà: àwọn Farisí tó ń kùn pé Jésù ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun. Wo ibi tó wá dá a dúró. Wọ́n ń jó nínú ilé, ẹ̀gbọ́n dúró síta, inú ń bí i, bàbá fi àlejò sílẹ̀ jáde wá bẹ̀ ẹ́. Ó tán. Ṣé ó wọlé? Wọn ò sọ. Ọwọ́ àwọn tó ń kùn gan-an ni ègbè wà.

Mo mọ̀ pé o ti wàásù orí yẹn fún àwọn ọ̀dọ́ lóru ìṣọ́. Ó wù mí kó o tún un kà, kó o sì ronú nípa àwọn bàbá tó ká ètò rẹ sínú Bíbélì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó lo wà láti ọjọ́ tó o ti débẹ̀. Ta ló tíì jáde lọ bá wọn níta?

Wòlíì Nátánì ni mo tún fẹ́ kó o wò dáadáa. Ó ní ẹ̀sùn lọ́wọ́ tó lè gbẹ̀mí rẹ̀: ọba gba ìyàwó oníyàwó, ó tún pa ọkọ. Kò bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn. Ó gbé ẹjọ́ olówó àti tálákà wá sọ́dọ̀ Dáfídì bí ẹni wá gba ìdájọ́, torí ẹjọ́ dídá ni iṣẹ́ ọba. Tálákà ní àgùntàn kékeré kan. Kí ni àgùntàn náà ń ṣe? Oúnjẹ tálákà ló ń jẹ, ife rẹ̀ ló ti ń mu, àyà rẹ̀ ló ń sùn sí. Ìwọ ì bá ti sọ pé "ó fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi", o ì bá sì ti kọjá lọ. Ife yẹn ló mú Dáfídì bínú. Ta sì ni Dáfídì? Ọmọ tó ti inú agbo àgùntàn dé orí ìtẹ́ ni. Nátánì ò ṣèèṣì mú àgùntàn. Ká ní òwò tàbí ọkọ̀ ojú omi ló fi ṣe ìtàn náà, ọba ì bá kàn mi orí. Ó mọ ìgbà èwe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu, ó sì jẹ́ kí Dáfídì dájọ́ tán kó tó sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni olówó náà.

Ojú Dáfídì ló sì ti sọ ọ́. Kò gbé e lọ sọ́jà Jerúsálẹ́mù kí Dáfídì máa wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò bá ọ sọ rí.

O ti bi mí rí pé kí ló dé tá a fi kúrò ní ìjọ tá a wà nígbà tó o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní ọ̀nà ló jìn. Irọ́ ni mo pa. Láàárín ìwọ àti àbúrò rẹ, oyún méjì ló wálẹ̀ lára mi. Kí èkejì tó wálẹ̀, mo ti fi ìbínú sọ lọ́jọ́ kan pé mi ò fẹ́ ọmọ mọ́, iṣẹ́ pọ̀, owó oṣù ò jáde. Nígbà tó wá ṣẹlẹ̀, mo gbà pé ẹnu mi ló pa á. Oorun dá lójú mi. Mo lọ bá pásítọ̀ wa ní ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn sọ́ọ̀ṣì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó gbàdúrà fún mi, ara mi fúyẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wàásù lórí agbára ahọ́n. Ó ní, "Arábìnrin kan wà láàárín wa, olùkọ́ ni." Àwa obìnrin méjì péré ló ń ṣe olùkọ́ ní ìjọ yẹn, ẹnì kejì mi sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé. Gèlè kan yí padà, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo ṣí ìwé orin, mò ń wá orin tí wọn ò tíì pè. Ìwọ wà lẹ́sẹ̀ mi, ò ń fi bísíkíìtì ya ilé sí ilẹ̀.

Ó mọ ìtàn sọ lọ́jọ́ náà o. Àwọn èèyàn sunkún. Nínú gbogbo ìwàásù tí mo gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn, òun ló dára jù, ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ sì nìyẹn. Ó ti rò ó, ó ti tò ó, ó mọ ibi tó ti máa rẹ ohùn sílẹ̀. Bàbá rẹ fẹ́ lọ bá a. Mo ní kó fi í sílẹ̀. A kó ìwé orin wa, a ò padà.

Mi ò sọ ọ́ kó o lè bínú sí i, ó ti lọ sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Mo sọ ọ́ torí pé ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gbọ̀n ìwàásù rẹ, mo gbọ́ tó o ní, "Ọmọkùnrin kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní dárúkọ." Wọ́n pa rọ́rọ́ lójijì. Àní ẹni tó ń hanrun jí. O rò pé ọ̀rọ̀ wọ̀ wọ́n lára ni. Wọ́n ń ronú ọmọ ẹni tó jẹ́ ni. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ìró alùpùpù mọ ẹni tó ń bọ̀, kí ni àìdárúkọ lè bò níbẹ̀? Lọ bá ọmọ yẹn kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé. Bẹ̀ ẹ́.

Bí ìtàn ìjákulẹ̀ bá pọn dandan, tìrẹ ńkọ́? Nínú gbogbo ìtàn tó o ti sọ nípa ara rẹ lórí pẹpẹ, ìwọ lò ń borí. O gbàdúrà, ọkọ̀ ṣíná. O gbààwẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ dé. Èmi tí mo bí ọ mọ èyí tí ò dé.

Wo Àjàyí Crowther, òun sọ tirẹ̀. Ní Canterbury ni wọ́n ti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ìyẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni lẹ́tà tó kọ láti Fourah Bay ní 1837, nígbà tó ṣì ń kọ́ ọmọ bíi tèmi, nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, òun gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n àyà òun ò gbà á. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ nínú ọkọ̀, ó rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò jọ. Ó rò pé ara àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìgbèkùn ni wọ́n ti kun, pé orí wọn ló wà nílẹ̀ yẹn. Kò pa á rẹ́, kò sì fi àdúrà àjàṣẹ́gun bò ó. Ọdún 1846 ló tó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ní àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn, ohùn ò jáde. Lẹ́yìn ọdún méjì ló ṣe ìrìbọmi fún un. Mo máa ń rò ó pé nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó ti ẹni tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ, kò ní láti sọ púpọ̀.

(Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn díákónì rẹ bá sọ pé ìtàn sísọ àti eré ò yẹ ilé Ọlọ́run, rán an létí pé ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ló bẹ Hubert Ògúńdé lọ́wẹ̀ eré ọgbà Édẹ́nì ní 1944, nígbà tó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá. Dúró Ládipọ̀ náà, orin Àjíǹde ló gbé wọ sọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní 1961. Wọn ò gba ìlù tó fi sí i, ló bá gbé e jáde, tíátà sì jèrè rẹ̀. Lẹ́yìn tí Mike Bámilóyè dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀ ní 1985, ohun tí sọ́ọ̀ṣì lé síta ló tún gba inú fídíò wọlé padà. Ìwọ náà sá sábẹ́ àga nígbà tí a ń wo fíìmù wọn, Agbára Ńlá, má jiyàn.)

Ó wá ku ilé ìjọsìn yín. Mo ti bá ọ ṣe ìwádìí díẹ̀. Ìyá kan ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà, ọmọ ìlú tó o wà ni, oníbàárà rẹ̀ ni mí. Mo ní ọmọ mi ni pásítọ̀ tuntun wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tó fẹ́ wó ilé?" Ó ní ìyá òun wà lára àwọn obìnrin tó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ ògiri yẹn, pé tí ọjà bá tú lálẹ́ ni wọ́n ń lọ sódò pẹ̀lú àtùpà. Ó ní nígbà tí wọ́n rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, ọmọ ọdún méjì kan já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré gba orí sìmẹ́ńtì tútù kọjá. Wọ́n fẹ́ rẹ́ ojú ẹsẹ̀ náà dí, pásítọ̀ ìgbà náà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbóná mú ọmọ náà lọ kí ọdún tó yí po. Ojú ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, abẹ́ bẹ́ǹṣì tí ìyá arúgbó kan kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ká ètò ọdún márùn-ún rẹ sínú Bíbélì.

O ti bínú sí ìyá yẹn nítorí bẹ́ǹṣì yẹn rí, o sọ fún mi lórí fóònù. O ní agídí ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má wó ilé. Òrùlé tó ń jò, ó ń jò, amọ̀ sì ní ọjọ́ tó ń dá. Ohun tí mo rò ni kó o fi ètò rẹ pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Yan alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, tan iná inú ilé àtijọ́ yẹn, kó o ní kí àwọn tó kọ́ ọ wá sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ fún àwọn tó fẹ́ wó o. Ìwọ má sọ̀rọ̀. Jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Bí wọ́n bá dá orin, kó o gbè é. Bàbá kan á sọ ọ́ gùn jù, òmíràn á purọ́ díẹ̀ pé òun nìkan ló ru gbogbo igi àjà. Jẹ́ kó ru ú.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, lọ kí ìyá oníbẹ́ǹṣì nílé rẹ̀. Má bi í ní ohunkóhun. Má gbé fóònù dání. Bó bá fún ọ ní omi, mu ún. Bó bá ń ṣa ẹ̀gúsí, bá a ṣa á. Bó bá sọ ọ́ fún ọ, o ti gbọ́ ọ nìyẹn. Bí kò bá sọ, èmi náà ò sọ ọ́ fún ọ. Kò gbọdọ̀ dé orí pẹpẹ láéláé, àfi bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló dìde lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èlùbọ́ kọ́ńgò mẹ́rin wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ṣakí, ọ̀tọ̀ ni ti ìyá oníbẹ́ǹṣì nínú ọ̀rá dúdú. Kí ìyàwó rẹ kù ú kó tó rò ó, ó ní ìyàngbò díẹ̀. Pè mí tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ oyún tí mo sọ fún ọ yẹn, nínú ẹ̀yin ọmọ mi, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Àbúrò rẹ ò mọ̀. Èmi ni màá sọ fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.